Irunmú Máníjà Àgbà Lábẹ́ Yìnyín

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọ̀gá rí, ẹ fi tiyín sílẹ̀ ná, kí ẹ wá gbọ́ tiwa. Tiwa ń jẹ́ Garnet Halvorson, máníjà àgbà ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ìlú Brennick, ọkùnrin tó fi odidi ọdún mẹ́rin kọ́ wa pé bí òun kò bá sí, omi kò ní dì mọ́. Àwa tí òtútù ń bù jẹ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, tí omi ń dì mọ́ irùngbọ̀n wa lójú títì, a sì gbà á gbọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí pàtẹ́wọ́ fún un títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n, nítorí náà ẹ má wò mí bí ẹni tó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ.

Ikọ̀ Ìkookò Brennick kì í ṣe ti olówó kan. Ìlú ló ni ín. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan ní ìbò kan ní ìpàdé ọdọọdún, ìpàdé yẹn ló ń gbani síṣẹ́, òun náà ló sì ń léni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí Garnet gbàgbé ẹ̀.

Kó tó di máníjà, katakata ló ń tà, ó sì mọ̀ ọ́n tà. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ó lè ta katakata fún ẹni tí kò ní oko. Ọdún àkọ́kọ́ tó gba iṣẹ́, àwọn ọmọ wa dé eré àṣekágbá. Gólì kan ló gbé wa débẹ̀, ọmọ gíga kan tí máníjà àtijọ́ ti mú wá kó tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, Garnet sì ní ẹnu tó tó ti ènìyàn mẹ́ta. Kí yìnyín ọdún yẹn tó yọ́, gbogbo wa ti ń sọ pé Garnet ló gbé wa débẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ra ẹ̀wù onírun nìyẹn. Bó ṣe di pé, kí a tó kọ orin orílẹ̀-èdè, a ní láti kọ́kọ́ dìde fún Garnet nìyẹn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn á kígbe orúkọ rẹ̀, òun á máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó tuntun, a ó jókòó, lẹ́yìn náà a ó tún dìde fún Kánádà. Àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò lè dìde lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní láti mú ọ̀kan, Kánádà ló sì sábà máa ń pàdánù. Ìdí ni pé Alphonse ń kọ orúkọ ẹni tí kò bá dìde fún Garnet, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ti Kánádà.

Alphonse Gaudet yìí, oògùn ló ń tà lójú títì ńlá, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ikọ̀ wa. Bí Garnet bá ní òtútù mú, Alphonse á de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Bí Garnet bá ní ooru mú, á tú u. Lọ́jọ́ kan Garnet ní òtútù mú òun ṣùgbọ́n orí òun gbóná, Alphonse sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń de bọ́tìnnì, ó ń tú u. Òun náà ló ń ta ọ̀dà irun fún Garnet, torí irunmú Garnet, tó nípọn bí ìgbálẹ̀ tó sì dúdú bí èédú, ti di eérú láti ọdún tó ti ń ta katakata. Gbogbo ìlú mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kẹrin ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀. Oṣù yẹn la máa ń kun ilẹ̀ pápá wa ní funfun, kí a fa ìlà pupa àti ti búlúù, kí a ya orí Ìkookò sí àárín gbùngbùn, kí Wasyl Kuzyk tó máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀ títí á fi di yìnyín. Wasyl ti ń ṣe yìnyín wa fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ilé kékeré kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà ni ìlú fi sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ lòun náà ṣì ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá kí i, á mi orí. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì, á bi ọ́ pé kí ló dé.

Garnet wá sórí ilẹ̀ funfun náà tòun ti Alphonse, ó ní Ìkookò yẹn ti pẹ́ jù. Ó béèrè pé kí ni Ìkookò ti ṣe fún ikọ̀ yìí rí. Alphonse ronú, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Garnet ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ojú òun ni kí wọ́n yà síbẹ̀, kó tóbi láti etí dé etí, kí irunmú náà sì hàn dáadáa sí àwọn tó jókòó lẹ́yìn.

Wasyl bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ojú yín kò burú. Ọ̀dà dúdú yẹn ni mi ò fẹ́. Dúdú máa ń fa ooru iná mọ́ra. Yìnyín tó bá wà lórí ẹ̀ á rọ̀."

"Wasyl, ta ni máníjà àgbà níbí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àwọ̀ wo ni irunmú mi?"

Wasyl wo irunmú náà fún ìgbà díẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni, ìyẹn sì ni ìṣòro rẹ̀. "A lè kùn ún ní àwọ̀ eérú díẹ̀, ọ̀gá. Eérú kì í fa ooru tó bẹ́ẹ̀. Á sì jọ yín jù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò bá wò bí Alphonse ṣe yíjú sí ògiri. Garnet fọwọ́ pa irunmú rẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n ra ọ̀dà tó dúdú jù lọ nínú ìlú. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ra iná ńlá kan tó lágbára, ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sókè àjà, kí wọ́n kọjú rẹ̀ tààrà sí irunmú náà, kó máa tàn látìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn títí di ìgbà tí a bá tì í. Wasyl tún bọ́ fìlà rẹ̀. Garnet ní kó dé e padà, pé òtútù wà.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ẹ dúró. Nínú yàrá tí àwọn eléré wa ti ń wọṣọ, àwòrán orí Ìkookò kan wà lórí ilẹ̀, a kì í sì í tẹ̀ ẹ́. Bàbá ọmọ kò tẹ̀ ẹ́, bàbá bàbá ọmọ kò tẹ̀ ẹ́. Gómìnà pàápàá wá kí wa lọ́dún kan, a mú un lápá, a sì mú un gba ẹ̀gbẹ́. Àṣà rere ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Garnet jókòó ti àṣà yìí, ó rò ó, ó sì gbé òfin jáde pé bí a kì í bá tẹ orí ẹranko, mélòómélòó ni orí ọ̀gá. Láti òní lọ, kò sí eléré Brennick tó gbọ́dọ̀ fi bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín tẹ ojú máníjà àgbà láàárín pápá. Kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá rọ́bà tí a fi ń ṣeré, láàárín, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nìkan ló láṣẹ láti dúró sórí etí, etí ọ̀tún sì ni, kí ó na ọ̀pá rẹ̀ débi tó bá dé. Ẹni tó bá rú òfin yìí á kọ lẹ́tà ìtúúbá, á sì kà á sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí a ṣí ọdún náà, gbọ̀ngàn kún. Iná ńlá náà tàn, ojú Garnet sì yọ lábẹ́ yìnyín bí ẹni tó rì sómi tí inú rẹ̀ sì dùn sí i. Garnet di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Mo wà níbẹ̀, ìlà kẹsàn-án, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Brennick, ẹ wo ilẹ̀. Ohun gbogbo tí ẹ ń wò yìí, láti orí ọ̀dà dé orí omi, láti orí omi dé orí iná, ọpọlọ èmi nìkan ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó gbà mí nímọ̀ràn, mi ò sì béèrè. Yìnyín yìí, èmi ni. Bó dì, èmi ni. Bó yọ́, èmi náà ni."

A pàtẹ́wọ́. Alphonse sunkún. Ọjọ́ kejì ni Alphonse ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé pélébé tí a máa ń tà níbi eré, Garnet sì pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan, wọn ì báà fẹ́, wọn ì báà kọ̀. Wilma Fehr, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń ta pírógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí a fi ọ̀dùnkún sínú ẹ̀, ní kántíìnì wa, gba tiẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sì fi tẹ́ abẹ́ ìkòkò.

Ìyá Wilma yìí kì í ṣe ẹni kékeré láàárín wa. Àwọn eléré tó bá ti ìlú jíjìn wá, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ sí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé Ìyá Wilma kì í gba ìsọkúsọ lórí tábìlì. Lọ́dún yẹn, Joss Arcand ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń sáré lórí yìnyín bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí irunmú fi ojú wa rí. Ọ̀rọ̀ Wasyl ṣẹ. Ibi gbogbo lórí pápá le bí òkúta, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná ńlá yẹn, lórí dúdú yẹn, yìnyín rọ̀, omi yọ sójú ẹ̀. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí a ń gbá á máa bọ̀ bí ọta ìbọn, bó bá ti dé irunmú, pẹ́, á dúró. Àwọn ọmọ wa kò lè wọ ibẹ̀ mú un, òfin ni. Wọ́n á máa yí i ká, wọ́n á máa na ọ̀pá, bí ẹni tó fẹ́ yọ bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àlejò kò ní òfin kankan. Wọ́n á gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Garnet, wọ́n á tẹ imú rẹ̀, wọ́n á gbé rọ́bà lọ. Kó tó di Kérésì, gbogbo ìlú tó yí wa ká ti mọ̀ ọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn á kàn kígbe pé, "Ẹ fún irunmú." Wọ́n á fún irunmú, irunmú á sì fún wọn padà.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwa lọ bẹ Garnet pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gba àárín. Garnet lé e. Ó mú òmíràn wá, ìyẹn bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn pa iná yẹn. Garnet lé òun náà. Ẹ̀kẹta kò bẹ nǹkan kan, ó kàn ń mu kọfí tó ń wo òkè. Ọ̀gá tó bá ń lé ẹni tó ń sòótọ́ fún un, kì í pẹ́ tó fi máa ku òun àti Alphonse.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ́ dé ọjọ́ eré tó kẹ́yìn, àwa àti Stony Ford. Bí a bá borí, a ó wọ ìdíje àwọn mẹ́jọ tó gbayì jù. Bí a kò bá borí, ilé ti yá. Ó di ìṣẹ́jú kan péré, góòlù méjì sí méjì. Joss já rọ́bà gbà lọ́wọ́ ọmọ Stony Ford kan, ó gbá a síwájú, ó sì fi eré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò sẹ́nì kankan láàárín òun àti gólì wọn. Gbogbo wa dìde, orúnkún tó ń dun èèyàn kò dunni mọ́. Rọ́bà ń lọ, ó ń lọ, ó wọ irunmú, pẹ́, ó dúró.

Joss dúró létí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́tà ìtúúbá méjì ló ti kọ lọ́dún yẹn, ọ̀kan nítorí àgbọ̀n, ọ̀kan nítorí ìpéǹpéjú, wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹ̀kẹta á lé e lọ sílé. Ó na ọ̀pá. Kò tó. Ó sáré yípo lọ sí apá kejì, ó tún nà á. Ìyá Wilma jáde láti inú kántíìnì, ṣíbí ńlá lọ́wọ́, ó sì ké sí i.

"Joss, tẹ̀ ẹ́!"

Àwa náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń pariwo pé tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́. Garnet lókè lọ́hùn-ún rò pé òun là ń kí, ó sì ń juwọ́ sí wa. Níbi tó ti ń juwọ́ ni ọmọ Stony Ford kan ti gun imú rẹ̀, ó gbé rọ́bà náà, ó lọ, ó sì gbá a sínú àwọ̀n wa. Ọdún wa parí báyẹn.

Nílé ọtí, nílé ìjọsìn, níbi epo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìlú: ṣé ká lé Garnet ni àbí ká má lé e? Garnet gbọ́. Ó ní inú òun dùn sí ìbéèrè náà, pé ìlú tó lajú ló ń yẹ ọ̀gá rẹ̀ wò, òun sì ti yan ìgbìmọ̀ tó máa yẹ òun wò láìṣègbè. Garnet ni alága, Alphonse ni akọ̀wé. Wọn kò fi ẹnì kẹta sí i kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Bí wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ Garnet, Garnet ní kò tọ́ kí òun jókòó síbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí òun, ó bá jáde síta, ó sì fi Alphonse nìkan sílẹ̀ kó bá ara rẹ̀ jiyàn. Alphonse bá ara rẹ̀ jiyàn fún wákàtí kan, ohùn rẹ̀ ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí Garnet wọlé, Alphonse sọ fún un pé ó gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Máàkì mẹ́ta ni wọ́n yọ kúrò nítorí ìrẹ̀lẹ̀ àpọ̀jù. Garnet dúpẹ́, ó ní òun á tún ìyẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, ọdún ti bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ wádìí, ó sì rí i pé rọ́bà kì í dúró lórí yìnyín tó dára. Nítorí náà, yìnyín ni kò dára. Wasyl ló ń ṣe yìnyín. Kí ìpàdé ọdọọdún lé Wasyl Kuzyk, kí ó sì kó kúrò nínú ilé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kí oṣù tó parí.

Ẹ̀rín wa tán níbẹ̀. Wasyl gbọ́ ìwé náà lẹ́nu Alphonse tán, ó lọ sí kántíìnì, ó jókòó. Ìyá Wilma gbé pírógì síwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè dúró níwájú èèyàn kí n máa rò. Ọkùnrin yẹn á sọ̀rọ̀, ẹ ó sì gbà á gbọ́." Ìyá Wilma fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí ọdún mẹ́rin àtẹ́wọ́ wa. Ó kàn ní kó jẹun, pé ẹni tó bá fẹ́ rojọ́ gbọ́dọ̀ yó.

Ní ọjọ́ ìpàdé, àwa igba ó lé mẹ́tàlá kún yàrá òkè, èyí tó ní dígí gbọọrọ tó kọjú sí pápá. Yìnyín ṣì wà nísàlẹ̀, iná ńlá ṣì ń tàn, ojú Garnet ń wò wá láti ilẹ̀, Garnet fúnra rẹ̀ sì ń wò wá láti orí pèpéle, kò sí ibi tí èèyàn lè wò tí kò ní bá a pàdé. Ó sọ̀rọ̀ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ó sọ ti ìgbà òtútù, ó sọ ti ìgbà ooru, ó ní ọkọ̀ tó ní awakọ̀ rere lè dá dúró bí ẹni tó ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ó tọ́ka sí Wasyl. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, mo rí àwọn kan tó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu Garnet dùn, mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní kí Wasyl sọ tẹnu rẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ fìlà. A dúró, a dúró. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀." Ó sì rìn jáde.

Kí la fẹ́ ṣe? A tẹ̀ lé e. A tò yí pápá ká, ó gbé ọ̀pá kan àti rọ́bà mẹ́fà fún Ìyá Wilma, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin fi agbára gbá a. Ìyá Wilma gbá mẹ́ta gba ẹ̀gbẹ́, lórí funfun. Wọ́n lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọ́n kọlu pákó, gbàá, gbàá, gbàá. Ó gbá mẹ́ta gba àárín. Ọ̀kan wọ irunmú, ó dúró. Èkejì wọ ọ́, ó dúró. Ẹ̀kẹta kọlu èkejì, àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀, ara wọn lómi.

Garnet kò mì. Ó ní ohun tí òun ń sọ gan-an nìyí, ṣé ẹ rí i fúnra yín, yìnyín yìí ti bàjẹ́. Ó wá béèrè pẹ̀lú ohùn ńlá pé, "Ta ló ṣe é?"

Ìyá Wilma fi ọ̀pá fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé pélébé kan, àmì ìdí ìkòkò ràbàtà ràbàtà lẹ́yìn ẹ̀. Ó wọ awò ojú. Ìyá náà kì í kánjú. "Yìnyín yìí, èmi ni," ó kà á. "Bó dì, èmi ni. Bó yọ́, èmi náà ni." Ó yí ìwé náà padà kí a lè rí orúkọ tó wà nísàlẹ̀. "Garnet, ọmọ mi, ìbéèrè tí o béèrè nìyẹn. Ìwọ náà lo sì ti dáhùn ẹ̀ látoṣù kẹwàá."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Garnet wo ìwé náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn ronú lé lórí kó tó ṣe: ó sáré láti gbà á. Apá kejì pápá ni Ìyá Wilma wà, ọ̀nà tó sì yá jù gba àárín. Bàtà aláwọ dídán ló wọ̀. Ó gun àgbọ̀n ara rẹ̀, ó gun ẹnu, ó sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú irunmú, omi fọ́n sí i lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rántí òfin, pẹ́, ó dúró bí rọ́bà.

La bá gbọ́ ohùn Alphonse, tó ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí kálàmù sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ohun tó ti mọ́ ọn lára ló ń ṣe. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà ìtúúbá yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ ni, àbí kí n bá yín kọ ọ́?"

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín lè mì òrùlé. Joss jókòó sílẹ̀. Wasyl nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹsẹ̀ Garnet, ó ń wò ó pé omi yẹn ti jìn jù.

Ibẹ̀ la ti dìbò, a kò tún gun òkè mọ́. Ìbò láti lé Wasyl jẹ́ ọ̀kan. Ìbò láti lé Garnet jẹ́ igba ó lé méjìlá. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ẹ ó mọ apá ibi tí Alphonse dìbò sí, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì ti ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ níbikíbi tí Ìyá Wilma bá ti ní òtútù mú.

Bí eré bá parí ní ìlú wa, ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù máa ń tò, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti fọ́ ara wọn léyín. Kò sẹ́ni tó pè wá, àwa fúnra wa la tò. Garnet rìn gba iwájú gbogbo wa, ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ ń dún pọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó kàn mí, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Àtẹ́wọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀. Wasyl ló wà nígbẹ̀yìn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọjọ́ Ajé ni màá pa ẹ̀rọ tó ń mú omi dì. Mi ò ní olùrànlọ́wọ́."

A kò rò pé ó máa lọ. Ó lọ. Kò wọ ẹ̀wù onírun, bàtà rọ́bà ló wọ̀, Alphonse kò sì ta ọ̀dà fún un lọ́sẹ̀ yẹn, irunmú rẹ̀ ti ń padà sí eérú láti ìdí. Wasyl gbé ọ̀pá gígùn kan fún un, èyí tó ní rọ́bà lẹ́nu tí a fi ń ti omi. Yìnyín ti ń yọ́. Irunmú tó wà nílẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ pátápátá, ojú náà sì ti ń fẹ̀, ó ń ṣàn, etí ti kúrò láyè etí.

Garnet ń tì í lọ síbi kòtò omi. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó bi í pé, "Bàbá Wasyl, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ó tiẹ̀ jọ mí rárá?"

Wasyl dúró, ó wo ilẹ̀, ó wá wo òun náà, irunmú eérú àti bàtà rọ́bà.

Ó ní, "Rárá. O sàn jù báyìí. Máa tì í, imú ṣì kù."

Garnet tẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ó sì ti imú ara rẹ̀ wọ inú kòtò.